Tẹ̀sùbáà Sídì Méjìlá àti Ìmọ́lẹ̀ Inú Ọ̀fun

Sídì méjìlá ni mo ra tẹ̀sùbáà náà. Haúsá kan tó máa ń tẹ́ ọjà sílẹ̀ lẹ́nu géètì mọ́ṣáláṣí wa lọ́jọ́ Jímọ̀ ló tà á fún mi. Ogún sídì ló kọ́kọ́ pè é. Mo ní kó tún un pè. Ó ní láti Mẹ́kà ni ìlẹ̀kẹ̀ yìí ti wá. Mo ní ta ló san owó ọkọ̀ òfuurufú ẹ̀, ṣé èmi ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ẹ̀yin Alátà yìí, ẹ ò ní jẹ́ kí èèyàn jẹun. Alátà ni wọ́n ń pe àwa Yorùbá níbí. Mo ní kó gba mẹ́wàá kó lọ jẹun. A pàdé ní méjìlá. Ìgbà tí mo délé ni mo rí bébà pélébé kan lára ìlẹ̀kẹ̀ ńlá tó wà nísàlẹ̀, wọ́n kọ èdè àwọn ará Ṣáínà sí i. Mo bó o kúrò kí ọkọ mi tó rí i. Ẹni tí ara ẹ̀ ò yá kò nílò kí ẹnikẹ́ni máa sọ ibi tí wọ́n ti ṣe ìlẹ̀kẹ̀ fún un.

Òkìrìkà ni mò ń tà lọ́jà Odawna, aṣọ ọmọdé àti kọ́mú. Àwọn ará ibí ń pe irú aṣọ yẹn ní òbúróní wàwú, ìyẹn ni pé òyìnbó ti kú. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń jẹun lára òyìnbó tó kú, kò sì sí ìkankan nínú wọn tó wá bi mí léèrè kọ́mú ẹ̀. Ìwé mẹ́ta péré ni mo kà kí wọ́n tó ní kí n wá máa ran ìyá mi lọ́wọ́ lọ́jà, ṣùgbọ́n mo mọ ojú èèyàn kà. Tí o bá dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù mi, kí o tó la ẹnu, mo ti mọ iye tó wà lápò ẹ, mo sì ti mọ èyí tí o máa fi sílẹ̀ fún mi nínú ẹ̀.

Ọkọ mi ń ta iṣu lọ́jà Agbogbloshie. Tí ọkọ̀ bá ti apá àríwá dé, òun ló máa ń dúró tì í tí wọ́n bá ń já iṣu, á máa kà á ní mẹ́ta-mẹ́ta láìsọ̀rọ̀. Gbogbo ọjà ń pè é ní Alájì. Kò dé Mẹ́kà rí. Ọdún mọ́kànlá ló fi ń kó owó ìrìn àjò náà jọ, a sì ti rí owó náà báyìí tó ń kán díẹ̀díẹ̀ gba inú rọ́bà wọ iṣan apá ẹ̀.

Ohùn ẹ̀ ló kọ́kọ́ lọ. Ọkùnrin tí kì í sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀ ni, nítorí náà ó pẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó fura. Ó kọ́kọ́ há, ó wá di pé tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, bí ẹni ń yọ aṣọ nínú báàgì ni. Mo sọ fún gbogbo ìlà wa ní Odawna pé mo ti borí, pé ọkọ mi ti gbà pé èmi ni mo ni ọ̀rọ̀ nílé. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Mò ń fún un ní oyin àti ata ilẹ̀, mò ń sọ pé eruku iṣu ni. Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi ohùn ẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Lẹ́yìn náà ló wúkọ́ ẹ̀jẹ̀ sínú áńkáṣíìfù funfun tí mo rà fún un lọ́jọ́ Ìtùnú Ààwẹ̀.

Jẹjẹrẹ ni, nínú ẹ̀dọ̀fóró òsì, lápá òkè. Ó ti dì mọ́ iṣan kan tó ń gbé okun lọ fún ohùn, ìdí nìyẹn tí ohùn fi lọ. Kì í mu sìgá. Mo bi dókítà pé èéfín ọjà ńkọ́, ó ní ó lè jẹ́ òun, ó lè má jẹ́ òun. Irú èsì tí mo máa ń fún oníbàárà tó bá bi mí bóyá kọ́mú kò ní tètè já nìyẹn, mo sì mọ ohun tó wà lọ́kàn mi tí mo bá ń fún un.

Dókítà àgbà tó ń tọ́jú ẹ̀, obìnrin ni. Ó ga, kì í yára sọ̀rọ̀, ó sì ní ìwà kan tí òun fúnra ẹ̀ ò mọ̀: tó bá fẹ́ sọ ohun tó le, á bọ́ bàtà ẹ̀ sábẹ́ tábìlì. Lọ́jọ́ tó sọ fún wa pé jẹjẹrẹ ni, méjèèjì ló bọ́. Láti ọjọ́ náà, tí a bá ti wọlé, abẹ́ tábìlì ni mo kọ́kọ́ ń wò kí n tó kí i.

Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni wọ́n fẹ́ fa kímò, oògùn tó ń pa jẹjẹrẹ, sí Alájì lára, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta síra wọn. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n ti ya àwòrán kan. Lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kẹta, wọ́n fi ẹ̀rọ ayàwòrán mìíràn wò ó, wọ́n ní kókó náà kò tóbi sí i, kò sì kéré sí i. Dókítà wá ní ká lọ tún ti àkọ́kọ́ yẹn yà. Mo ní ṣé a ò tíì mọ̀ ọ́n tó ni, fọ́tò mélòó la fẹ́ bá a yà.

Èdè Twi ló fi dá mi lóhùn, nítorí Gẹ̀ẹ́sì mi kò tó nǹkan. Ó ní, "Màámi, ẹ̀rọ yẹn ń wo bí kókó ṣe tóbi tó. Èyí ń wo bó ṣe ń jẹun tó. Jẹjẹrẹ máa ń jẹ ṣúgà ju ẹran ara tó yí i ká lọ. A máa fa ṣúgà díẹ̀ sí Alájì lára, ṣúgà tó ní iná tí ojú ò lè rí. Ibi tó bá ti ń jẹ ẹ́ dáadáa máa tàn nínú àwòrán. Tí oògùn wa bá ń ṣiṣẹ́, kókó náà lè má tíì kéré, ṣùgbọ́n kò ní lè jẹun bíi ti tẹ́lẹ̀."

"Bí ilé tí wọn ò dáná níbẹ̀ mọ́."

"Bẹ́ẹ̀ gan-an. Ilé lè ṣì dúró. Èéfín là ń wá."

"Tí èéfín bá ṣì ń yọ ńkọ́?"

Mo wo abẹ́ tábìlì. Bàtà ẹ̀ ṣì wà lẹ́sẹ̀.

"Tó bá ṣì ń yọ, a máa fi oògùn yìí sílẹ̀, ká wá òmíràn. Tí kò bá yọ bíi ti tẹ́lẹ̀, a máa parí mẹ́ta tó kù."

Ohun tí a ń lọ wò kò jù bẹ́ẹ̀ lọ: bóyá owó Mẹ́kà Alájì ń ṣe é lóore nínú àyà, tàbí ó kàn ń bá omi lọ.

Iye tí wọ́n ń gbà fún àwòrán náà, mi ò ní kọ ọ́ síbí, àwọn ọmọ mi lè kà á. Àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ lò ó ni wọ́n ń ṣe ṣúgà oníná yẹn. Kí wákàtí méjì tó pé, agbára ẹ̀ ti dín sí ìdajì, ìdajì yẹn náà á tún máa dín lọ. Mo ta tòmátì rí nígbà ọmọge mi, mo mọ irú ọjà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ni ín kò ní àyè láti dúró gbọ́ ẹjọ́ ẹ.

Wọ́n fún wa ní òfin. Kó má jẹ ohun dídùn kankan lọ́jọ́ tó ṣáájú. Kó má gbé nǹkan tó wúwo. Kó má jẹun fún wákàtí mẹ́fà, omi nìkan ni kó máa mu. Èmi náà wá di ọlọ́pàá. Mo kó gbogbo ṣúgà inú ilé fún aládùúgbò wa ní Alajo, ó rò pé mo ń ṣe sàráà, ó ṣàdúrà fún mi gan-an. Mo gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ Alájì. Nígbà tó fẹ́ gbé búùtà omi àlùwàlá ẹ̀, mo sáré gbé e.

Ó wò mí. Ohùn ẹ̀ ò ju afẹ́fẹ́ lọ. "Ìyàwó, ṣé n lè mí?"

"Ẹ máa mí díẹ̀díẹ̀."

Nígbà tí wọ́n ya àwòrán àkọ́kọ́, ẹ̀rù ò bà á, torí kò tíì mọ ohun tí wọ́n lè rí. Wọ́n fún un lábẹ́rẹ́, wọ́n fi búláńkẹ́ẹ̀tì bò ó nínú yàrá kan, ó sì sùn títí wọ́n fi wá pè é. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ̀rù ń bà á: ó ka ṣéńjì ọkọ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹta kí a tó sọ̀kalẹ̀. Èmi ò sọ nǹkan kan, ìyẹn gan-an ló yẹ kó dẹ́rù bà á jù.

Nọ́ọ̀sì tó fún un lábẹ́rẹ́ kéré sí àbígbẹ̀yìn wa. Ó mú un dùbúlẹ̀ sórí àga gígùn, ó ní, "Bàbá, wákàtí kan. Ẹ má sọ̀rọ̀, ẹ má jẹ nǹkan lẹ́nu, ẹ má tẹ fóònù. Ẹ kàn sinmi." Ó wá yíjú sí mi. "Màámi, ẹ̀yin lẹ̀rù yín ń bà mí. Mi ò rí Alátà tó dákẹ́ fún wákàtí kan rí."

"Ọmọ mi, èmi kọ́ lo fún lábẹ́rẹ́. Eléyìí, gbogbo ọ̀rọ̀ tó ti sọ láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ẹ, kò tíì kún agolo mílíìkì."

Ó rẹ́rìn-ín, ó lọ mú búláńkẹ́ẹ̀tì wá. Kó tó padà dé, mo ti yọ tẹ̀sùbáà sídì méjìlá nínú báàgì mi, mo ti fi í sí Alájì lọ́wọ́ ọ̀tún. Ìdí tí mo fi rà á nìyẹn. Mo ti rò ó pé ẹni tí ẹ̀rù ń bà gbọ́dọ̀ ní ohun tó máa dì mú, wọn ò sì ní jẹ́ kí n dúró tì í kó di ọwọ́ mi mú.

Mo sọ fún un ní Yorùbá pé, "Ẹ má sọ̀rọ̀ o. Ẹ kàn máa ṣe àsíkírì yín jẹ́jẹ́."

Ó mi orí. Nọ́ọ̀sì fi búláńkẹ́ẹ̀tì bò ó dé àyà, bo ọwọ́ bo ìlẹ̀kẹ̀, ó sì lé mi síta nítorí iná tó wà lára ẹ̀.

Gíláàsì kékeré kan wà lára ilẹ̀kùn náà. Mo dúró níbẹ̀. Mo rí ètè ẹ̀ tó ń mì, mo rí búláńkẹ́ẹ̀tì tó ń gbé sókè níbi àtàǹpàkò ẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ kan, ìlẹ̀kẹ̀ kan. Bí wọ́n ṣe kọ́ Alájì láti kékeré ni pé ìyìn Ọlọ́run tí ètè ò bá mì sí, èèyàn kàn ń ronú lásán ni. Bó ṣe ń ṣe é, bẹ́ẹ̀ ni ojú ẹ̀ ń rọ̀. Ọkàn mi balẹ̀. Mo ní ó kéré tán, mo rí nǹkan kan ṣe fún un. Kò sì wá sí mi lọ́kàn pé ó ń rú òfin kankan. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ ni èyí tí èèyàn ń sọ fún èèyàn. Àdúrà kì í ṣe ọ̀rọ̀.

Ọjọ́ kẹta la padà lọ gba èsì. Dókítà àgbà ti lọ sí ìlú wọn, ó lọ sin ìyá ọkọ ẹ̀, Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni yóò dé. Dókítà kékeré kan ló wà níbẹ̀, ọmọlúàbí, irùngbọ̀n ẹ̀ ò tíì kárí àgbọ̀n. Ó yí kọ̀ǹpútà sọ́dọ̀ wa. Ọkọ mi ló wà nínú ẹ̀, ó dà bí òjìji, wọ́n ti bọ́ gbogbo ara ẹ̀ kúrò, ó ku ibi tó ń tàn. Orí ẹ̀ ń tàn yòò.

Mo na ọwọ́ sí i. "Kí ló dé orí ẹ̀?"

"Ọpọlọ ni, Màámi. Ọpọlọ gbogbo èèyàn ló ń jẹ ṣúgà, ó gbọ́dọ̀ tàn ni."

"Ẹ bá mi kọ ọ́ sílẹ̀. Ó pẹ́ tí mo ti ń ṣiyèméjì bóyá ó wà níbẹ̀."

Alájì fi ẹsẹ̀ gbún mi lẹ́sẹ̀. Dókítà kékeré rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó tọ́ka sí àyà, ó ní kókó náà nìyí, òun máa jẹ́ kí ọ̀gá òun fi wé ti àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà ló gbé ọwọ́ sókè sí ọ̀fun, ẹ̀rín sì kúrò lójú ẹ̀.

"Ẹ wo ibí."

Ìmọ́lẹ̀ kan wà níbẹ̀, kò ju ẹ̀pà kan lọ, lápá ọ̀tún ọ̀fun. Apá òsì ṣókùnkùn.

"Èyí ò sí nínú àwòrán àkọ́kọ́."

"Kí ni?"

"Mi ò mọ̀, Màámi. Ó lè má jẹ́ nǹkan kan. Ó sì lè jẹ́ pé jẹjẹrẹ ti ṣí lọ síbẹ̀. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, oògùn tí à ń lò kò ká a nìyẹn, a máa nílò èyí tó lágbára jù ú lọ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ọ̀gá mi rí i ná."

Mo bi í pé èló ni èyí tó lágbára jù ú lọ náà. Ó ní òkè òkun ni wọ́n ti ń gbé e wá, káàdì ìlera tí a ní kò dé ọ̀dọ̀ ẹ̀, wọ́n sì máa ń gba owó sílẹ̀ kí wọ́n tó ránṣẹ́ sí i. Ó dárúkọ owó náà. Mo ní kó tún un pè, bí mo ṣe sọ fún Haúsá. Ó tún un pè. Iye kan náà ni.

Mo ti ná ọjà pẹ̀lú ọlọ́pàá rí. Mo ti ná ọjà pẹ̀lú ará Lébánónì tó ń já báálì òkìrìkà, tó bú mi ní èdè mẹ́ta, tí mo fi mẹ́rin dá a lóhùn, tó sì dín in fún mi. Mo jókòó síwájú ìmọ́lẹ̀ tí kò tó ẹ̀pà yìí, mo ń wá ẹni tí n máa bá sọ̀rọ̀. Kò lójú tí n lè kà. Kò lápò. Kò fẹ́ nǹkan kan lọ́wọ́ mi. Mo wo dókítà, òun náà ń wò ó bí mo ṣe ń wò ó.

Nínú ọkọ̀ tròtrò tó ń gbé wa lọ sílé, Alájì ní, "Ìyàwó, má ta nǹkan kan."

"Kí ni n máa tà? Kí la ní?"

"Mo mọ̀ ẹ́."

Ọjọ́ mẹ́jọ ló kù kí dókítà àgbà dé. Nínú ọjọ́ mẹ́jọ náà, mo sọ̀rọ̀ tí mi ò sọ rí láyé mi. Mo bá ìkòkò sọ̀rọ̀. Tí Alájì bá wúkọ́, mo máa dákẹ́ kí n lè gbọ́ bóyá ikọ́ náà ti yàtọ̀. Tí kò bá wúkọ́, mo máa dákẹ́ láti gbọ́ ìdí tí kò fi wúkọ́. Ó ní kí n gbé ọwọ́ mi kúrò lọ́fun òun, mi ò mọ̀ pé ọwọ́ mi wà níbẹ̀. Mò ń wá ẹ̀pà yẹn. Lẹ́yìn ìrun Aláásárì, á jókòó sí fàràǹdá pẹ̀lú tẹ̀sùbáà ẹ̀, ètè ẹ̀ á máa mì, èmi á sì máa wò ó, mo máa ní, Ọlọ́run, ẹ gbọ́ tiẹ̀, òun ò pariwo bíi tèmi.

Lọ́jọ́ Ajé, mo ta ṣọ́ọ̀bù mi.

Àwọn èèyàn ti bi mí pé kí ló dé tí mi ò dúró títí di Ọjọ́bọ̀. Ìbéèrè ẹni tí kì í ṣòwò nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ ra báálì kì í dúró dìgbà tí ọkọ̀ ojú omi bá dé Tẹ́mà kó tó máa wá owó. Tí ẹrù bá dé tí owó ò sí nílẹ̀, ẹlòmíràn á gbé e. Bí mo ṣe ń rà, bí mo ṣe ń tà, láti ọgbọ̀n ọdún, owó ló máa ń ṣáájú ẹrù. Mo rò pé oògùn náà á wà nínú ọkọ̀ kan níbì kan, kí ọkọ ẹlòmíràn má lọ gbà á.

Obìnrin Fántì tó ń ta kọ́tìnnì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ni mo tà á fún. Ó ti ń bi mí nípa ṣọ́ọ̀bù náà láti ọdún mẹ́ta, mo sì máa ń sọ fún un pé tí mo bá kú, kó wá bi òkú mi. Nígbà tó rí mi lọ́jọ́ yẹn, ó fún mi ní omi inú ọ̀rá kí n tó sọ̀rọ̀. Ìgbà yẹn gan-an ni mo mọ̀ pé mo ti pàdánù. Mo ti fún oníbàárà lómi rí, mo mọ ẹni tí à ń fún lómi.

Ó ní, "Mààmé, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgbọ̀n."

Mo mọ iye tó yẹ kí n pè. Ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu mi. Mo la ẹnu, ọ̀fun Alájì ni mo rí, mo sì pa ẹnu dé.

"Fi nǹkan kan sí i," ni mo ní. Bíi ti alágbe.

Ó fi ẹgbẹ̀rún méjì sí i. Àwọn àgbà ọjà fọwọ́ síwèé, ó fi owó náà ránṣẹ́ sórí mómò fóònù mi. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà méjìlélọ́gbọ̀n. Ó bá mi di kọ́mú mi sínú àpò, ó ní òun máa máa gbàdúrà fún Alájì, mo sì gbà á gbọ́. Ènìyàn dáadáa ni. Ó kàn mọ ojú kà ni.

Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, bí a ṣe wọlé, mo wo abẹ́ tábìlì. Bàtà kan wà lẹ́sẹ̀, èkejì ti wà nílẹ̀. Mi ò mọ bí n ṣe máa ka ìyẹn.

Dókítà àgbà ti fi àwòrán méjèèjì síra. Ó wò wọ́n títí. Dókítà kékeré dúró lẹ́yìn ẹ̀. Ó wá bi Alájì pé, "Bàbá, nígbà tí wọ́n fún yín lábẹ́rẹ́ tí ẹ dùbúlẹ̀, ṣé ẹ sọ̀rọ̀?"

Mo ní, "Kò sọ̀rọ̀. Mo dúró lẹ́nu gíláàsì, mò ń wò ó. Ohùn wo ló fẹ́ fi sọ ọ́?"

"Màámi, ẹ jẹ́ kí òun dáhùn."

Alájì ní, "Mi ò sọ̀rọ̀."

"Rárá rárá? Fún odindi wákàtí kan?"

Ó ronú. Olóòótọ́ ni, ohun tó ń bà mí lọ́jà jẹ́ láti ọjọ́ yìí nìyẹn. "Mo ṣe àsíkírì."

Mo túmọ̀ ẹ̀ fún dókítà: ìyìn Ọlọ́run ni, lórí ìlẹ̀kẹ̀, jẹ́jẹ́, ètè lásán.

"Ẹ ṣe mélòó?"

"Ó lé díẹ̀ ní ẹgbẹ̀rún." Ó sì yọ tẹ̀sùbáà lápò, ó gbé e sókè bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ibi olè.

"Ọwọ́ wo lẹ fi ń kà á?"

"Ọ̀tún."

Dókítà àgbà yí àwòrán náà, ó mú kó tóbi sí i, ó sì fi bírò tọ́ka sí apá ọ̀tún nísàlẹ̀. Ní ìdí àtàǹpàkò, ẹran ibẹ̀ ń tàn díẹ̀, a ò rí i lọ́jọ́ kìíní nítorí ọ̀fun nìkan là ń wò. Ó fà á lọ sókè sí ọ̀fun. Ó ní iṣan méjì ló ń mú ohùn jáde, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Jẹjẹrẹ ti pa okun ti òsì láti ọjọ́ tí ohùn ti lọ, ti ọ̀tún nìkan ló ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì. Ó lé ní ìgbà ẹgbẹ̀rún tí Alájì lò ó lẹ́yìn tí wọ́n fún un ní ṣúgà. Iṣan tó bá ń ṣiṣẹ́ á jẹun. Nígbà àkọ́kọ́ ó sùn, ìdí nìyẹn tí kò fi tàn. Ó ní kó lè dá òun lójú, wọ́n máa fi rọ́bà tínrín kan gba ihò imú wò ó lọ́jọ́ yẹn náà. Wọ́n wò ó. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Nígbà tí a padà wọlé, bàtà méjèèjì ti wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀. Ó wá sọ ti àyà fún wa. Kókó náà ṣì tóbi bó ṣe tóbi, ilé ṣì dúró. Ṣùgbọ́n nínú àwòrán àkọ́kọ́ ó ń tàn bí iná mọ́tò. Nínú èyí, ó ti rẹ̀wẹ̀sì bí àtùpà tí wọ́n yí òwú ẹ̀ sílẹ̀.

"Oògùn ń ṣiṣẹ́," ló ní. "Kò tíì kú o. Mi ò lè ṣèlérí fún yín. Ṣùgbọ́n ó ń ṣiṣẹ́. A máa parí mẹ́ta tó kù."

Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í pa mí. Mo rẹ́rìn-ín títí nọ́ọ̀sì fi yọjú. Mo ní ṣé ẹ rí i, gbogbo ọjọ́ ayé mi ni wọ́n ń sọ pé ẹnu mi máa kó bá mi, ẹnu ọkọ mi tí kì í sọ̀rọ̀ ló kó bá wa. Dókítà àgbà náà ń rẹ́rìn-ín, dókítà kékeré ń bẹ̀ wá, mo ní kò jẹ̀bi nǹkan kan, ó ṣáà ní kí n dúró. Ibi tí mo dé nínú ẹ̀rín nìyẹn tí mo rántí ọjọ́ Ajé.

Lórí bẹ́ǹṣì ìta, Alájì ní, "Ìyàwó, kí ló dé tí o dákẹ́?"

"Ẹ jẹ́ kí n sinmi. Ṣebí ẹ̀yin náà máa ń dákẹ́."

Ó yíjú sí mi. "Kí lo tà?"

"Ṣọ́ọ̀bù."

Kò bá mi wí. Ó ti ìlẹ̀kẹ̀ kan kọjá lórí tẹ̀sùbáà, ó tún ti òmíràn. Ó wá fi ọwọ́ yẹn di ọwọ́ mi mú, ìlẹ̀kẹ̀ wà láàárín, ó ń gún mi, mi ò yọ ọ́.

Mo lọ bá obìnrin Fántì náà pé kó dá a padà fún mi, kí n dá owó ẹ̀ padà. Ó ti kun ún ní àwọ̀ ewé, kọ́tìnnì ti kún ibẹ̀ dé òkè. Ó ní, "Mààmé, ẹ̀yin náà ẹ sọ ọ́ fún mi. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin, ṣé ẹ máa dá a padà?" Mi ò lè purọ́ fún un. Mo ní mi ò ní dá a padà. A jọ rẹ́rìn-ín, ó tún fún mi ní omi.

Iwájú ilé wa ní Alajo ni mo ti ń tajà báyìí, lórí tábìlì kan, fún àwọn aládùúgbò tó ń wọ kọ́mú wò tán tí wọ́n á ní ọ̀la làwọn máa wá gbé e. Alájì máa ń jókòó lẹ́yìn mi. Wọ́n ti fa ẹ̀ẹ̀kẹrin àti ẹ̀ẹ̀karùn-ún sí i lára. Irun orí ẹ̀ ti lọ, oúnjẹ ò dùn mọ́ ọn lẹ́nu. Ó ku ẹyọ kan, lẹ́yìn náà wọ́n máa tún un yà, nọ́ọ̀sì sì ti kìlọ̀ pé òun máa tú báàgì mi wò lẹ́nu ọ̀nà. Mo ti pinnu pé mi ò ní fún un ní nǹkan kan lọ́jọ́ náà. Mo máa dúró lẹ́nu gíláàsì yẹn, ọwọ́ mi á ṣófo, mi ò ní mọ ohun tí n máa fi í ṣe. Ohun tí àtùpà inú àyà yẹn bá fẹ́ ló máa ṣe. Kò sẹ́ni tó lè bá a ná an.

Oṣù tó kọjá, wọ́n ta ṣọ́ọ̀bù tó kọjú sí tèmi, ìwọ̀n kan náà, òrùlé kan náà, fún ọkùnrin tó ń ta bàtà. Àádọ́ta ẹgbẹ̀rún sídì ó lé irinwó ló san. Alájì ní kí n má ṣírò ẹ̀. Mo ṣírò ẹ̀. Mo yọ iye tí mo gbà kúrò, mo fi owó tẹ̀sùbáà kún un, kí n lè mọ iye tí tẹ̀sùbáà náà ná mi gan-an. Ẹgbẹ̀rún méjìdínlógún, irinwó àti sídì méjìlá.